Oorun ò kùn mí mọ́ láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ

Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe tí oorun bá kọ̀? Oṣù kẹrin rèé tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Tí aago méjì òru bá ti lù, ojú mi á là. Màá fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tirẹ̀, á tutù. Mo fẹ́ gbàdúrà, ẹkún ló ń jáde. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Lánàá mo tòògbé níwájú oníbàárà. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré ni?

Àbúrò yín, Òkè Àró:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ìgbàgbọ́ yín ò kéré rárá. Ẹ ka Sáàmù 77. Ẹni tó kọ ọ́ náà ò rí oorun sùn, ìdààmú bá a débi pé kò lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run ló ń ké pè. Àdúrà ni ẹkún yẹn, mà.

Ìyá Àgbà, Oǹdó:
Ọmọ mi, opó lèmi náà. Sáàmù 121 ni mo rọ̀ mọ́: Ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé. Mo ní, bí Òun ò bá kúkú sùn, kí lèmi ń ṣọ́? Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń kà á, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà míì mi ò ní í kà á tán. Ṣùgbọ́n lọ rí dókítà o; nígbà tí mo lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára mi.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé, màmá. Mo ka 121 lóru àná. Mo sunkún díẹ̀. Ìgbà tí mo máa gbọ́, àkùkọ ló ń kọ.