Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìbọn ìléwọ́ tó ń bá àmì, tí kò sì ní gbọ́n àpò mi gbẹ

Ọmọ Òkìn:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà ìdí ìbọn. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Inú ló ń bí mi.

Ìbọn ìléwọ́ tí yóò máa bá ibi tí mo bá fojú sí ni mo ń wá, tí kò ní máa daṣẹ́ sílẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì ní kó mi sí gbèsè. Ṣé mo béèrè ju bó ṣe yẹ lọ ni? Ẹni tó ta èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí fún mi búra pé ojúlówó ni, pé kò yàtọ̀ sí ti ológun. Ó rẹwà lóòótọ́. Ó dúdú, ó wúwo, òkè rẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn gbàgà tí mo bá yìn ín. Àmọ́ kí n fojú sun àárín bébà báyìí, ọ̀kan á wọlé sókè, èkejì á wọlé sétí ìsàlẹ̀, ẹ̀kẹta ò ní kan bébà rárá. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ èmi tí mò ń tún aago ọwọ́ ṣe jẹun!

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yìn mi ló dé. Bàbá rẹ̀ ra ìbọn olówó gọbọi fún un, èyí tí wọ́n fi igi gbẹ́ èèkù rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tí a bá ti parí, á gbé bébà rẹ̀ wá síwájú mi, á máa rẹ́rìn-ín. Kóòṣì ń wò ó, kò bá a wí. Kóòṣì yìí kan náà ló ní kí n máa lo ìbọn ẹgbẹ́, èyí tí gbogbo ayé ti fi ọwọ́ onílàágùn dì mú. Mo ní mi ò ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ìbọn nìkan ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Alágbẹ̀dẹ:
Àbúrò, o kọ ìtàn rẹpẹtẹ, o ò sọ nǹkan kan tí a lè bá ṣiṣẹ́. Mítà mélòó lẹ ń yìn? Ìbọn afẹ́fẹ́ ni àbí oní-ẹ̀tù? Irú ọta wo lo ń kì sí i? Ìdíje lo ń múra fún àbí ìgbádùn lásán? Òfin ibi tí o wà ńkọ́, ṣé o ti bi wọ́n léèrè kó o tó ra tàkọ́kọ́? Ibòmíràn wà tí ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá nílò ìwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ Pọ̀:
Ra .22 kíá, ìbọn oní-ẹ̀tù tí ọta rẹ̀ kéré, kó o sinmi. Ruger Mark IV tàbí Browning Buck Mark. Àwọn yẹn kì í já ni kulẹ̀. Mo ní ọ̀kan, kìkì pé mo ń fọ̀ ọ́ ni, kò yọ mí lẹ́nu rí.

Sùúrù Lérè:
Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rọ̀ Pọ̀, ẹni tó ní kóòṣì, tó ní ẹgbẹ́, tó ń yìn ín sí bébà, ìbọn afẹ́fẹ́ oní mítà 10 ló jọ. Ẹ jẹ́ kó dáhùn ná.

Ní tèmi o, Ọmọ Òkìn, sọ́ra fún àlòkù. Mo ra ìbọn ìdíje kan lọ́wọ́ ẹnìkan, irú èyí tó ní sílíńdà tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ sí. Ó ń dán gbinrin. Mo gbé e dé pápá kí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ fún mi, ẹni tó ń rọ ọ́ yí sílíńdà náà padà, ó wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ padà. Kò bá mi jà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún rẹ̀ ti kọjá! Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fún sílíńdà ní ọdún 10 péré. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń tó 200 bar, ẹ rántí pé táyà mọ́tò ò ju 2 sí 3 lọ. Tó bá bẹ́ sí ọ lọ́wọ́, ìtàn parí. Owó sílíńdà tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra ìbọn. Èmi pẹ̀lú ìyàwó mi jà sí i...

Ọmọ Òkìn:
Ẹ ṣeun. Mítà 10 ni, ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Gáàsì inú agolo kékeré ló ń lò. Ọ̀rọ̀ òfin, mo ti bi ọlọ́pàá léèrè, kò sí wàhálà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè mi o. Orúkọ ìbọn!

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ bi ọ́ nípa ọta, o fò ó. Irú ọta wo?

Ọmọ Òkìn:
Èyí tó bá a wá ni, mà. Róbótó, ó ń dán bíi góòlù, ó kún inú ike. Kò wọ́n, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbé irin pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn bébà nílé kó má ba ògiri jẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Dá ọwọ́ dúró! Má yìn ín mọ́.

Irin ni ọta yẹn, wọ́n kàn fi nǹkan pupa bò ó ni. Irin kì í tẹ̀. Tó bá kan irin pẹlẹbẹ tìrẹ, ojú ẹni tó yìn ín ló ń padà bọ̀ wá. Òjé ló máa ń tẹ̀ pẹrẹsẹ tó bá kan nǹkan líle, síbẹ̀ náà àpótí tó ń gbà á dúró la fi ń yìn ín sí, a sì ń wọ awò ojú. Ṣé ọmọ wà nílé?

Èyí ló sì jẹ́ kó máa tú ká. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀, inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán borokoto ni, kò ní ìlà yíyípo tó ń mú ọta yí bó ti ń lọ. Ọta irin náà kéré díẹ̀ sí ihò rẹ̀, ó ń gbá ọ̀tún gbá òsì kó tó jáde. Kò sí ọwọ́ tó lè tún ìyẹn ṣe, ì báà jẹ́ ọwọ́ alágo.

Ọ̀rọ̀ Pọ̀:
Ẹ ń dẹ́rù bà á. Èmi ti fi ọta irin ṣeré láti kékeré, ojú mi méjèèjì ṣì wà.

Ìyá Ìbejì:
Orí yín ló bá yín ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìmọ̀ràn nìyẹn.

Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ má jà. Wàyí tí a ti mọ ohun tó wà nílẹ̀, a lè sọ̀rọ̀ ìbọn.

Ojú àárín bébà mítà 10, ibi tó ń jẹ́ 10 gan-an, milimítà 11.5 ló fẹ̀. Ọta òjé tó tọ́ sí i, milimítà 4.5 ni, orí rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè gé ihò tó mọ́ sára bébà. Ìbọn ìdíje ò gbọdọ̀ ju gíráàmù 1500 lọ, tírígà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé gíráàmù 500 ó kéré tán. Fi èyí sọ́kàn: tírígà ni kó o fi owó rẹ rà, má fi ra ìrísí. Èyí tó bá ń jọ ti ológun, ìrísí lo san owó fún. Òkè tó ń sún sẹ́yìn gbàgà yẹn, gáàsì rẹ ló ń jẹ. Gáàsì agolo náà sì ń tutù tí o bá yìn ín léraléra, agbára rẹ̀ á máa dínkù.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìbọn tí a ń fi ọwọ́ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń júwe fún un. Kò sí gáàsì, kò sí sílíńdà, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tì í jáde nígbà gbogbo. Weihrauch HW40 ló dẹ̀ lówó jù nínú èyí tí mo mọ̀ dáadáa, HW75 tẹ̀ lé e. Tó o bá rí IZH-46M tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà ní àlòkù, tí rọ́bà inú rẹ̀ ṣì di afẹ́fẹ́ mú, má ṣiyèméjì, kò kéré sí ìbọn ìdíje. Kìkì pé ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó ń fẹ́ agbára. Má jẹ́ kó já mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi tó o ti ń pọ́ǹpù ún, á gba ìka rẹ. Feinwerkbau 65 ti láti àwọn ọdún 1960 náà wà, sípíríǹgì ló ń lò, kò sì ń ta ni lọ́wọ́. Àmọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rọ́bà písítínì rẹ̀.

Kó o tó sanwó fún èyíkéyìí, gbé e lé orí àpò iyanrìn, yin ọta márùn-ún sí bébà kan. Kí ẹlòmíràn náà yin márùn-ún. Tí ti ẹlòmíràn bá ṣù jọ, tí tìrẹ bá tú ká, o ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Sùúrù Lérè:
Ẹ fi kún un pé kó dán irú ọta méjì mẹ́ta wò. Ìbọn kan náà ń kórìíra ọta kan, ó ń fẹ́ràn òmíràn.

Ọ̀rọ̀ Pọ̀:
Gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Yusuf Dikeç, ayìnbọn ará Turkey, ní Òlíńpíìkì Paris 2024, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó wọ awò ojú lásán, ó gba fàdákà. Kò sí ẹ̀rọ kankan lójú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ó wọ awò lásán, ṣùgbọ́n ìbọn ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ojúlówó ìbọn ìdíje ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ yìn ín náà, Şevval İlayda Tarhan, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Òkìn:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀rọ̀ ọta irin, mo ti gbọ́, mo sì máa ń wọ awò tí mo fi ń wo aago, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbọn oní pọ́ǹpù kò wù mí. Mo ti fún ẹnìkan ní owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbọn ìdíje kan, ti Jámánì, onísílíńdà. Ó dá mi lójú pé ire ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn mi balẹ̀ ni.

Sùúrù Lérè:
Ẹ wò ó! Ìtàn tí mo sọ lókè ńkọ́? Ọdún wo ló wà lára sílíńdà náà?

Ọmọ Òkìn:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í. 2012.

Sùúrù Lérè:
Gba owó rẹ padà. Tí kò bá fẹ́, kó yọ owó sílíńdà tuntun kúrò nínú iye tó ń pè.

Ọmọ Òkìn:
Ó ní òun ti ń lò ó láti ọjọ́ yìí wá, kò bẹ́.

Alágbẹ̀dẹ:
Pápá wo ló máa gbà á wọlé? Ọ̀pọ̀ ìdíje ni kò ní gbà á. Àbúrò, ìbéèrè kan tí o ò tíì dáhùn: nígbà tí o yin ìbọn ẹgbẹ́, báwo lọta ṣe wọlé? Má sọ ti òógùn fún mi.

Ọmọ Òkìn:
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yìn ín. Ó ń gún mi. Igi rẹ̀ yọ síta níbi tí àtàǹpàkò wà, ibi tí ìka yẹ kó sinmi sí kò bá ọwọ́ mi mu. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yìn ín.

Ìyá Ìbejì:
Háà!

Alágbẹ̀dẹ:
Ọmọ yìí! Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ́, o sì ń wá orúkọ ìbọn láti àárọ̀? Èèkù tí wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún lo ń fi ọwọ́ òsì dì. Kò sí ìbọn kan láyé tó máa bá àmì fún ọ bẹ́ẹ̀. Ti Jámánì yẹn ńkọ́, èèkù rẹ̀?

Ọmọ Òkìn:
Ọ̀tún ni. Ó ní ó máa mọ́ mi lọ́wọ́.

Sùúrù Lérè:
Sílíńdà tó ti kú, èèkù ọ̀tún. Kí lo fẹ́ rà gan-an?

Ọmọ Òkìn:
Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ọwọ́. Kóòṣì gan-an ò bi mí.

Ìyá Ìbejì:
Kóòṣì tó ń rí ọ lójoojúmọ́ tí kò sọ nǹkan kan, mo gbà pé kò ṣe dáadáa. Lọ bá a, sọ fún un. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní èèkù òsì kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń lò ó.

HW40 tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ, ọ̀tún òsì ló bá èèkù rẹ̀ mu, o lè fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ IZH-46M lo rí, èèkù òsì wà tí wọ́n ń gbẹ́ fún un. Mo ní ọ̀kan nílé, ọkọ mi ló ni ín tẹ́lẹ̀, mi ò rò pé á wọ ọwọ́ tó tóbi. Gbé ọwọ́ òsì rẹ lé bébà, ya àtàǹpàkò sọ́tọ̀ kúrò lára ìka bí ìgbà tí o di ìbọn mú, fi pẹ́ńsùlù fà á yí ká, fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ọ̀rọ̀ Pọ̀:
Mo ṣì sọ pé kó ra .22.

Ọmọ Òkìn:
Mà, ṣé kí n wọn fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ náà, àbí ìka nìkan?

Ìyá Ìbejì:
Méjèèjì. Kó o sì gbé irin yẹn kúrò lára ògiri lónìí.