Ta ló mọ ibi tí ọbẹ̀ ẹran màlúù ti dáa ní Seoul, tí kò ní gbọ́n àpò ẹni gbẹ?

Ọmọ Sinchon: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fún ìwé másítà ni, òtútù ibí yìí sì ti fẹ́ rán mi lọ sọ́run. Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ní kí n máa mu ọbẹ̀ màlúù kan tí wọ́n ń pè ní seolleongtang. Mo wọ ilé oúnjẹ kan lánàá, wọ́n gbé e wá, ó funfun bí omi ògì, kò níyọ̀, kò láta. Mo wò ó títí. Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn, àbí wọ́n rí mi ní àlejò? Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ̀yin ń lọ? Owó ọwọ́ mi ò tó nǹkan o.

Màmá Ìbejì, Ansan: Káàbọ̀, àbúrò mi. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Egungun màlúù ni wọ́n gbé kaná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí ọ̀rá àti mùdùnmúdùn rẹ̀ fi pò mọ́ omi. Òun ló sọ ọ́ di funfun. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ má fi iyọ̀ sí i ni, torí ìwọ lo máa fi sí i fúnra rẹ. Wo orí tábìlì dáadáa: iyọ̀ wà níbẹ̀, ata dúdú lílọ̀ wà níbẹ̀, àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sì wà nínú abọ́ kan. Bu àlùbọ́sà yẹn tẹ́rùntẹ́rùn, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Iyọ̀ ni kó o rọra fi sí i, kó o máa tọ́ ọ wò.

Ṣíbí àti igi ìjẹun sábà máa ń wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, má jókòó kó o máa retí ẹni tó máa gbé e wá. Wàá rí núdù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọbẹ̀ yẹn, tètè jẹ ẹ́ kó tó wú. Lẹ́yìn náà kó o da ìrẹsì sí i. Tó o bá ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, bu omi kkakdugi sí i, ìyẹn kimchi (ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ títí tó fi kan) tí wọ́n fi rádíṣì ṣe, tí wọ́n gé ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ọbẹ̀ á pọ́n, á kan díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lèmi ti máa ń gbádùn ẹ̀.

Bọ̀dá Túndé, Incheon: Tó bá jẹ́ ibi tó lórúkọ lò ń wá, lọ sí ilé oúnjẹ Hadongkwan ní Myeongdong. Láti 1939 ni wọ́n ti ń ta gomtang, ọbẹ̀ màlúù mìíràn, òun náà sì ni wọ́n ń tà dòní. Michelin pàápàá ti fi wọ́n sínú ìwé Bib Gourmand wọn, ìyẹn ti àwọn ilé oúnjẹ tó dáa tí owó wọn ò gani lára. Tiwọn ò funfun, ó mọ́ kedere ni, torí pé ẹran àti inú ẹran ni wọ́n fi se é. Owó lo máa kọ́kọ́ san kó o tó jókòó. Abọ́ idẹ ni wọ́n fi ń gbé e wá, ìrẹsì ti wà nísàlẹ̀ ọbẹ̀.

Àbúrò, ṣàkì wà nínú ẹ̀ o! Ṣàkì gidi, wọ́n gé e pẹlẹbẹ. Tó o bá fẹ́ kó pọ̀ sí i, sọ pé “naepo mani juseyo.” Tó o bá sì nawọ́ sí obìnrin tó ń gbé kẹ́tù kiri, omi kkakdugi ló wà nínú kẹ́tù yẹn, á bá ọ dà á sí i.

Àárọ̀ ni kó o lọ. Aago méje ni wọ́n ń ṣí, wọn kì í kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọbẹ̀ sì lè tán kó tó dìgbà yẹn. Oúnjẹ alẹ́ ò sí níbẹ̀ rárá.

Sísí Gwangju: Bọ̀dá, ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ọmọ yìí sọ pé owó òun ò tó. Owó abọ́ kan ní Hadongkwan ju ti ilé oúnjẹ àdúgbò lọ dáadáa. Àti pé ìlú Naju ni ilé gomtang. Ẹ wá síbẹ̀ kẹ́ ẹ wá rí i: àwọn ilé oúnjẹ náà tò sí ìtòsí Geumseonggwan, ilé ìjọba ayé àtijọ́. Ilé oúnjẹ Hayanjip ti wà níbẹ̀ láti 1910. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń wọlé lẹ ó ti rí ìkòkò ràgàjì tó ń hó. Ẹni tó dúró tì í á bu ìrẹsì sínú abọ́, á da ọbẹ̀ gbígbóná lé e, á sẹ́ ọbẹ̀ náà padà sínú ìkòkò, á tún da òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ìrẹsì á fi gbóná dénú. Toryeom ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wá to ẹran lé e, pẹ̀lú ẹyin díndín tí wọ́n rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Bọ̀dá Túndé, Incheon: Kó wọ ọkọ̀ ojú irin KTX láti Seoul lọ sí Naju nítorí ọbẹ̀? Owó ọkọ̀ nìkan á ra abọ́ mélòó kan níbí. Ìwọ Sísí yìí!

Alhaji Itaewon: Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Àbúrò, kọ́ lẹ́tà wọn kíákíá. 소 (so) ni màlúù, 돼지 (dwaeji) ni ẹlẹ́dẹ̀. Tó o bá rí gukbap, ìyẹn ọbẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì, lára ògiri tí wọn ò sọ irú ẹran tí wọ́n fi se é, béèrè kó o tó jókòó, torí ti ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ gan-an, pàápàá tó o bá dé Busan. Ọbẹ̀ sundaeguk, ẹlẹ́dẹ̀ ni. 선지 (seonji) ní tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti dì ni, inú ọbẹ̀ haejangguk ló pọ̀ sí. Mo mọ àwọn ìjọ tí kì í jẹ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe àwa Mùsùlùmí nìkan. Ẹ rántí pé ẹran lè jẹ́ màlúù kó má jẹ́ halal. Ẹni tó bá ń wá halal, kó gba àdúgbò mọ́ṣáláṣí Itaewon wá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1976.

Òfin sì mú wọn láti kọ orílẹ̀-èdè tí ẹran ti wá sára ògiri tàbí sínú ìwé oúnjẹ. Hanu ni ti màlúù ìbílẹ̀ wọn, òun ló wọ́n jù. Tí wọ́n bá kọ Hoju, Ọsirélíà ni. Miguk, Amẹ́ríkà ni. Ti Ọsirélíà ò burú rárá nínú ọbẹ̀.

Ọmọ Sinchon: Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé wọn ò ní wò mí níwòkuwò tí mo bá dá lọ? Ti ojoojúmọ́ ńkọ́, kí lẹ ń jẹ?

Màmá Ìbejì, Ansan: Ilé ọbẹ̀ ni ibi tó rọrùn jù fún ẹni tó dá wà. Ilé ẹran sísun ni wọ́n ti máa ń sọ pé ó di ẹni méjì. Ti ojoojúmọ́, wá sogogi gukbap: pupa ni, ó láta, rádíṣì àti ẹ̀wà híhù wà nínú ẹ̀, ó sì sábà máa ń dínwó ju seolleongtang lọ. Naver Map ni kó o fi wá a, Google Maps ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò ní ilẹ̀ yìí. Wo fọ́tò pátákó iye owó tí àwọn oníbàárà gbé síbẹ̀, má wo ti ilé oúnjẹ fúnra ẹ̀, torí ó lè ti pẹ́. Botong ni abọ́ ìwọ̀n déédéé, teuk ni ti ẹlẹ́ran púpọ̀. Botong á yó ẹ. Kimchi tó bá tán, lọ bù sí i, ọ̀fẹ́ ni. Má fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sáré tẹ̀ lé ẹ láti dá a padà. Sá fún aago méjìlá sí ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń jẹun nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn tún ń sinmi láti aago mẹ́ta sí márùn-ún.

Àṣírí kan rèé: sọ pé “pojang,” wọ́n á di ọbẹ̀ fún ẹ lọ sílé. Ó máa ń pọ̀ ju ti orí tábìlì lọ lójú tèmi. Èmi máa ń ju ata rodo méjì sínú tèmi lórí iná, àwọn ọmọ mi á bu ìrẹsì lé e, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè ata díndín.

Ọmọ Sinchon: Ata rodo! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa mí. Mo fẹ́ lọ sí Imun Seolleongtang ní Jongno lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní òun ló pẹ́ jù ní Seoul. Ta ló máa bá mi lọ?

Alhaji Itaewon: Wọ́n ní láti 1904 ni. Ahọ́n màlúù máa ń wà nínú tiwọn. Ẹ lọ, ẹ gbádùn, ẹ pàdé ní ibùdókọ̀ Jonggak kó tó di aago mọ́kànlá àbọ̀.

Sísí Gwangju: Mo ń bọ̀ wá sí Seoul lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ kà mí mọ́ ọn. Níbí, ẹni tó dàgbà jù ló ń sanwó o, bíi tilé. Bọ̀dá Túndé, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?

Bọ̀dá Túndé, Incheon: Mo gbọ́. Botong ni gbogbo yín máa jẹ. Ẹni tó bá bèèrè teuk, kó mú káàdì tiẹ̀ dání.