Ìjẹ tí mo ń jù sódò ń tú ká kí ó tó dé ìsàlẹ̀

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Ọ̀pá àti ìwọ̀ ni mo fi ń pẹja lódò Ògùn, lókè Abẹ́òkúta, níbi tí odò Ọ̀yán ti wọnú rẹ̀, epìyà àti ọ̀bọ̀kún ni mo sì ń wá. Wọ́n gbà mí níyànjú pé kí n máa po ìjẹ tí n ó máa jù sódò, kí ẹja lè kó jọ sí ibi tí ìwọ̀ mi wà. Èèrí àgbàdo, gàrí, kùlìkùlì tí mo gún àti edé gbígbẹ díẹ̀ ni mo ń pò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń ṣàn, òkè omi ni ìṣù náà ti ń fọ́, àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ á sì ṣù bò ó. Bí mo bá wá fi omi gbígbóná pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ra, á rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n á dúró gbagidi nísàlẹ̀ bí ẹ̀bà àná, kò sì sí ẹja tí ń dúró tì í. Kí ni kí n fi dè é?

Àgbà Odò:
Àbúrò mi, gàrí ló ń dà ọ́ láàmú. Gàrí kì í mu omi tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìṣù bá ti wọ odò ni yóò tún máa wú, wíwú yẹn ló sì ń já ìyókù kúrò lára ara wọn. Omi gbígbóná náà kò ṣe é lóore, nítorí pé ó sọ ọ́ di ohun líle tí omi odò kò lè tú, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń pe ẹja wá ni èyí tí ń tú díẹ̀díẹ̀, tí omi ń gbé òórùn rẹ̀ lọ. Yọ gàrí kúrò, kí o fi amọ̀ rọ́pò rẹ̀. Wa amọ̀ etí odò fúnra rẹ̀, má ṣe wa ti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, sá a kí ó gbẹ, gún un, jọ ọ́, kí o tó pò ó mọ́ èèrí. Lórí adágún dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, níbi tí omi kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣàn, ìdá kan amọ̀ sí ìdá mẹ́ta èèrí tó; nínú odò gidi, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń tú omi dáàmù sílẹ̀, ìdajì-ìdajì ni mo máa ń ṣe é. Amọ̀ kò ní adùn kankan lẹ́nu ẹja, ìyẹn gan-an ni mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀: ó ń mú ìṣù wúwo láì bọ́ ẹja yó.

Ìyá Ológì:
Ẹ kú àsọyé. Ọkọ mi ni apẹja, ògì ni èmi ń tà, ọ̀dọ̀ mi sì ni púpọ̀ nínú àwọn apẹja àdúgbò wa ti ń gba èèrí, lẹ́yìn tí ewúrẹ́ bá ti mú tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da èèrí méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Èèrí gbígbẹ tí ó ń wá láti ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo gbígbẹ yàtọ̀ sí èèrí ògì, tí ó ń jáde tutù tí ó sì ti kan. Ẹni tí ó bá lo èèrí ògì kò gbọdọ̀ bu omi sí i rárá: kí ó fún un nínú aṣọ títí omi kò fi ní ro mọ́, kí ó sì máa fi èyí gbígbẹ lé e díẹ̀díẹ̀, kí gbígbẹ lè mu omi tí ó kù lára tutù. Kíkan rẹ̀ kò burú. Ọkọ mi a máa sọ pé òórùn yẹn ni àrọ̀ ń tẹ̀ lé lálẹ́. Èyí tí ó bá ti bu ni kí ẹ dà nù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kùlìkùlì, nítorí pé májèlé ni ẹ̀pà tó ti bu fún ènìyàn àti ẹranko.

Adé ní Kent:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti amọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, bí a ṣe ń bu omi sí i ṣe pàtàkì ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Búrẹ́dì gbígbẹ tí a lọ̀ ni ìpìlẹ̀ ìjẹ tí a ń jù sí odò Medway níhìn-ín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹja bream àti roach, ọ̀nà tí a ń gbà pò ó sì bá èèrí mu dáadáa. Ẹ po gbogbo èròjà pọ̀ ní gbígbẹ nínú ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹ wá máa fi ọwọ́ kan wọ́n omi tútù sí i, kí ẹ sì máa fi ìka ọwọ́ kejì tí ẹ ya sọ́tọ̀ ro ó yíká láì dúró, kí ó má baà di kókó. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá ṣì dà bí ẹni pé omi kò tó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹ bá padà dé, yóò ti mu gbogbo omi náà, yóò sì ti gbẹ lọ́wọ́. Ẹ tún wọ́n díẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi asẹ́ gàrí jọ gbogbo rẹ̀. Èyí tí ó dára a máa fúyẹ́ lọ́wọ́, a máa ṣù bí ẹ bá fi ọwọ́ kan fún un, a sì máa fọ́ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ìṣù náà.

Nínú ike kan náà lẹ ó ti rí ti òkè omi àti ti ìsàlẹ̀. Èyí tí ẹ bá rọra ṣù yóò tú lókè fún epìyà. Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì fún gan-an, tí ẹ sì fi ọwọ́ tutù ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó jọ̀lọ̀, yóò dé ilẹ̀ odò fún ọ̀bọ̀kún. Ẹ kọ́kọ́ ju ọ̀kan sí etí omi tó mọ́, kí ẹ wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó tú.

Ẹni tí ó bá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, kí ó rántí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja, àti pé a kì í fi ọ̀pá pa ẹja bíi bream nínú odò láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Wọ́n tún ń lo òfio fún ẹja carp, ṣùgbọ́n dandan ni kí a rẹ ẹ́ kí a sì sè é dáadáa, ọ̀pọ̀ adágún ni kò sì gbà á láyè rárá. Òfio tí à ń rà jẹ lẹ́nu ọjọ́ Jímọ̀!

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Èló ni kí n wá máa jù, ibo sì ni kí n máa jù ú sí?

Àgbà Odò:
Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣù mẹ́rin tí ó tó ọsàn, sí ojú kan náà, kí o sì dúró. Má tún ju òmíràn títí ẹja yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tí jíjẹ náà yóò sì wá rọlẹ̀. Ìgbà náà ni kí o ju kékeré kan. Oúnjẹ tí ẹja bá jẹ kù yóò jẹrà nínú omi gbígbóná wa, ìjẹrà náà yóò sì gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Òkè odò ni kí o jù ú sí, kì í ṣe orí ìwọ̀ rẹ gan-an, kí ìṣàn lè gbé e wá bá ìwọ̀ bí ó ti ń rì. Bí ekòló bá wà lẹ́nu ìwọ̀, gé ekòló díẹ̀ sínú ìṣù náà pẹ̀lú, kí o sì fi aṣọ tutù bo ike rẹ, nítorí oòrùn.