Wọ́n ti ọ̀nà Northern line tó gba Bank: báwo ni mo ṣe máa tètè padà dé Walworth?

Ìyá Ayọ̀, Walworth

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ pé láti 15 oṣù Kìíní ọdún 2022 yìí ni wọ́n ti ti ẹ̀ka Northern line, ọ̀nà tube (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) ti London, tó gba Bank, láti Kennington títí dé Moorgate, wọ́n ní ó di àárín oṣù Karùn-ún kí ọkọ̀ tó tún gbabẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan nítòsí Moorgate, aago mẹ́fà ìdájí sí aago mẹ́jọ. Lílọ kò ni mí lára, bọ́ọ̀sì 35 ń gbé mi láti Walworth Road, títì ṣì dá nígbà yẹn. Àbọ̀ ni wàhálà. Tẹ́lẹ̀, kí n tó ka Sáàmù bíi mélòó kan tán nínú tube, mo ti dé Elephant, ibùdókọ̀ tó sún mọ́ wa. Ní báyìí, bọ́ọ̀sì á ti kún dẹ́nu ọ̀nà kó tó kàn mí, òmíràn ò tiẹ̀ ní dúró.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilé ìwé ọmọ mi ń ti géètì. Ìyá ọkọ mi ló ń wà pẹ̀lú ẹ̀ títí mo fi ń dé, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta. Bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, aago mẹ́sàn-án máa ń kọjá kí wọ́n tó wọlé. Ilé ìwé ti kọ lẹ́tà sí wa. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní tí mo bá kúrò kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n á yọ ọ́ lára owó mi. Ọmọ náà kì í fẹ́ gba ọ́fíìsì ilé ìwé wọlé bí a bá ti pẹ́, nítorí pé wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ń dùn mí wọra.

Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni? Owó ẹ̀ la fi ń san iná àti gáàsì.

Àǹtí Peckham

Fi í sílẹ̀, àbúrò mi. Iṣẹ́ ìmọ́tótó pọ̀ ní gúúsù níbí. Ọmọ ló ṣe pàtàkì jù.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ṣòro láti rí padà.

Ìyá Ayọ̀, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nílùú yìí. Lórí afárá London Bridge fúnra ẹ̀, bọ́ọ̀sì ń rìn, torí pé láti aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, wọn ò gba ọkọ̀ aládàáni láyè níbẹ̀. Borough High Street ló máa ń há, láti ibẹ̀ títí dé Elephant. Wọ́n ti fi bọ́ọ̀sì 733 kún un torí ọ̀nà tí wọ́n tì yìí, ó ń gba Moorgate, Bank, London Bridge àti Elephant lọ sí Oval. Ní Moorgate ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, ẹ má dúró dè é ní Bank, torí ibẹ̀ ni èrò ti ń rọ́ wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá sì rí i pé kò lọ mọ́ ní Borough, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Owó ọkọ̀ kan náà ni, bí ẹ bá tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan, wọn ò ní gba owó kejì.

Ẹ̀gbọ́n Camberwell

Awakọ̀ wa ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbọ́kàn lé bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni kí o wọ̀. Ní Moorgate, wọ Circle, Metropolitan tàbí Hammersmith & City tó ń lọ sí apá King's Cross. Barbican ló kàn, Farringdon lẹ́yìn ẹ̀. Sọ̀ ní Farringdon, wọ Thameslink, ọkọ̀ ojú irin tí kì í ṣe tube, èyí tó ń lọ sí gúúsù: City Thameslink, Blackfriars, Elephant & Castle.

Fetí sí èyí dáadáa o. Kì í ṣe gbogbo Thameslink ló ń dúró ní Elephant. Tí o bá wọ ti Brighton, London Bridge ló ń gbà lẹ́yìn Blackfriars, wàá kàn rí i pé o ti kọjá ibi tí ò ń lọ. Ti Sutton ni kí o máa wò. Ka orúkọ ibùdókọ̀ tó wà lójú pátákó kí o tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Owó ẹ̀ ju ti bọ́ọ̀sì lọ, mi ò ní parọ́ fún ẹ.

Ọmọ Abẹ́òkúta

Kí ló dé tí wọn ò lè ṣe iṣẹ́ yìí lóru kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ráàyè lọ sẹ́nu iṣẹ́? Ó ń bí mi nínú.

Ẹnjiníà Woolwich

Mo mọ bó ṣe ń ṣe yín, àmọ́ kò ṣeé ṣe lóru. Wọ́n gbẹ́ ihò tuntun sí Bank fún ọkọ̀ tó ń lọ sí gúúsù. Gbígbẹ́ ti parí, síso mọ́ ti àtijọ́ ló kù. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú irin àtijọ́, tẹ́ tuntun, kí wọ́n sì so wáyà iná àti àmì ìdúró. Wákàtí díẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń sinmi lóru. Ta ló lè tú ojú irin ní aago méjì òru kó sì dá a padà kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé?

Pèpéle àtijọ́ máa di ọ̀nà gbayawu tí èrò á máa fẹsẹ̀ gbà, wọ́n sì ní èrò tí ibùdókọ̀ náà lè gbà máa fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Láti 1900 ni ọ̀nà yẹn ti ń gbé èrò ní Bank. Ẹni tó bá ti há sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ rí mọ̀ pé ó tó àkókò. Ìyẹn ò sì ní kí ìyà má jẹ ẹni tó ń jí lọ nu ọ́fíìsì.

Ìyá Ìbejì

Ìyá Ayọ̀, ilé ìwé wo ni ọmọ ń lọ? Ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ síta, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Walworth ni mo wà, méjì ni mò ń fà lọ́wọ́ láràárọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan náà ni, ẹ̀kẹta ò ní pa mí lára. Ẹ kàn máa rí i pé ìyá ọkọ yín ti wọ aṣọ fún un kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Àbúrò Lewisham

Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá yín pẹ̀lú, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí ẹ sì parí ní méje ààbọ̀, títí di oṣù Karùn-ún péré. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 yìí, tí ẹ bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ 26 níbẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìyípadà àkókò iṣẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá fẹ́ fi agídí ṣe é, ẹ pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Ìyá Ayọ̀, Walworth

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ 26 ti kọjá fún mi níbẹ̀, mo ti kọ lẹ́tà náà, mò ń retí èsì. Ìyá Ìbejì, mo ti fi orúkọ ilé ìwé ránṣẹ́ sí yín, ó jọ pé géètì kan náà la jọ ń gbà. Mi ò fẹ́ di ẹrù lé yín lórí lójoojúmọ́, àwọn ọjọ́ tí mo bá pẹ́ nìkan ni. Lọ́la, ọ̀nà Farringdon ni màá gbà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé màá fi káàdì kan ẹ̀rọ ní Farringdon nígbà tí mo bá ń yí ọkọ̀ padà?

Ẹ̀gbọ́n Camberwell

Rárá o. Inú géètì kan náà ni pèpéle méjèèjì wà, má jáde. Moorgate lo ti máa fi kàn án wọlé, Elephant lo ti máa fi kàn án jáde, káàdì kan náà ni kí o sì lò níbi méjèèjì. Tí o bá gbàgbé láti fi kàn án jáde, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ.