Inú àpótí ni aṣọ cosplay ti ń bàjẹ́ jù: ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀

Ẹ̀yin ará, wíwọ̀ kọ́ ló ń ba aṣọ cosplay, ìyẹn aṣọ tí a ń wọ̀ láti fara jọ ẹ̀dá inú ìtàn tàbí fíìmù, jẹ́ jù, bí a ṣe kó o pamọ́ ni. Aṣọ ẹyọ kan lè ní òwú, awọ àtọwọ́dá, fóòmù, wíìgì àti iná oníbátìrì lára, bẹ́ẹ̀ ohun tó dára fún ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ká má fi orúkọ ẹ̀dá ìtàn to ẹrù. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ni ká fi tò ó: fóòmù síbì kan, aṣọ rírán síbì kan, wíìgì lọ́tọ̀, ohun tó ń tan iná lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ìmọ̀ jọ síbí. Ẹ sọ ìwọ̀n, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí.

* * *

Òógùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé kúrò. Bó bá gbẹ mọ́ aṣọ funfun tó sì pẹ́ nínú àpótí, abẹ́ apá àti ọrùn rẹ̀ á pọ́n, kò sì ní rọrùn láti fọ̀ kúrò mọ́. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ pàápàá, ibi tí òógùn tàbí oúnjẹ bá kán sí ló fẹ́ràn jù. Èyí tí kò bá ṣeé fọ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kẹ́ ẹ fi kànìnkànìn tẹ́ ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ tẹ́ ẹ sì fún dáadáa nù ún. Àwọn tó ń tọ́jú aṣọ eré orí ìtàgé máa ń fín ọtí vodka sí abẹ́ apá irú aṣọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń pa kòkòrò àìfojúrí tó ń fa òórùn, kì í sì í fi òórùn tirẹ̀ sílẹ̀ bó bá gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin o, torí ọtí máa ń tú ọ̀dà akírílíìkì. Lẹ́yìn náà, odidi ọjọ́ kan níwájú fáànù, kì í ṣe nínú oòrùn. Kẹ́ ẹ tó ká a, ẹ fa síìpù dé òkè, kẹ́ ẹ sì lẹ velcro (ìdè aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀gún) mọ́ ara rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún rẹ̀ á fa léèsì àti aṣọ tó ń nà ya.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fóòmù EVA, fóòmù rírọ̀ tí a fi ń ṣe ìhámọ́ra cosplay, nítorí òun ló ń dun èèyàn jù bó bá bàjẹ́. Fóòmù tí nǹkan wúwo bá jókòó lé fún oṣù mélòó kan á gba àmì, pàápàá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó mìlímítà 2 sí 5. Ẹ má to ìgbáyà lé ara wọn. Ẹ gbé e dúró, kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí kékeré tàbí aṣọ òwú kún inú rẹ̀ títí yóò fi rí bí ìgbà tó wà lára èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ má kì í debi tí ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ á fi nà. Gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ̀ ẹ́ máa ń rọ̀ bí ooru bá mú un, á sì là. Nítorí náà, àjà lábẹ́ òrùlé àti búùtù ọkọ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ ẹ́.

Ohun tó bá fara kàn án náà ṣe pàtàkì, àwọn èèyàn kì í sì í kà á sí. Ọ̀dà tó dà bíi rọ́bà, irú Plasti Dip, máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Bí ẹ bá fi ọ̀rá tó ní afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó nínú wé e, gbogbo àmì róbótó yẹn lẹ máa bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tú u. Ìwé ìròyìn náà ò dáa, tádàwà rẹ̀ á ràn. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun àtijọ́ tó jẹ́ òwú ni kẹ́ ẹ lò.

Bí fóòmù bá ti tẹ̀, ẹ fi dráyà irun fẹ́ ooru sí i láti ẹ̀yìn, níbi tí kò ní ọ̀dà. Ẹ máa mi ọwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, kẹ́ ẹ sì dì í mú títí yóò fi tutù. Bí ooru bá pẹ́ lójú kan, ọ̀dà iwájú á wú.

Ohun tí a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe láti inú ike tó ń jẹ́ PLA tún gbẹgẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń rọ̀, inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn sì lè sún mọ́ ìyẹn. Idà àti ọ̀pá gígùn, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja tàbí kẹ́ ẹ gbé wọn lé èèkàn méjì lára ògiri. Èyí tó bá fẹ̀yìn ti ògiri á tẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

* * *

Mo fi ti awọ àtọwọ́dá kún un. Èyí tó jẹ́ polyurethane máa ń bó kódà bí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́. A ò lè dá a dúró, a kàn lè fà á sẹ́yìn ni. Ẹ má dì í pa sínú ọ̀rá. Àpò òwú tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé ló bá a mu. Èyí tó jẹ́ PVC ní tirẹ̀ máa ń lẹ̀, nítorí òróró tó ń mú un rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ká a, ẹ yí i mọ́ ọ̀pá páálí, pẹ̀lú aṣọ òwú láàárín. Àwọ̀ pupa tó bá kan PVC funfun á ràn án, kì í sì í ṣí mọ́.

* * *

Wíìgì: láti ṣóńṣó irun ni kẹ́ ẹ ti máa yà á bọ̀ wá sókè, pẹ̀lú ìyàrun eléyín gbòòrò. Èyí tó gùn, ẹ dì í ní ìdì méjì tí kò le, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Wíìgì méjì ò gbọdọ̀ sùn nínú àpò kan. Èyí tí a ti fi sípíréè gbé dúró ṣánṣán ò ṣeé ká rárá. Orí àtọwọ́dá ni ibùgbé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó, torí sípíréè máa ń gba eruku mọ́ra.

* * *

Ẹ má fi káfúrà sínú àpótí yẹn o! Naphthalene inú rẹ̀ máa ń jẹ orí fóòmù funfun tí a ń gbé wíìgì lé, ó lè mú ike rọ̀, kò sì dáa fún ẹni tó máa fi àṣíborí bo imú. Irun àgùntàn àti ìyẹ́ ẹyẹ ni kòkòrò ń wá. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ kó wọn sí fíríísà tó tutù dé -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ ẹ bá yọ wọ́n, ẹ má tíì tú ọ̀rá náà títí yóò fi bá ooru yàrá dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á sẹ̀ sára wọn. Ohun tó ní ọ̀dà lára ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, òtútù lè sán an.

Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yàrá bá ń kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́, aṣọ á bu. 45 sí 55 ló dáa. Silica gel, hóró kéékèèké tó ń fa omi mọ́ra, wúlò nínú àpótí tó dé pinpin nìkan. Nínú àpò tó ń gba afẹ́fẹ́, omi gbogbo yàrá ló máa máa fà.

* * *

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú gbogbo ohun tó ń tan iná. Alkaline máa ń jò, á sì jẹ irin tó ń gbé iná. Lithium, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì iná, níbi tó tutù. Èyí tó bá ti wú, ẹ má fi iná sí i mọ́.

* * *

Mo gba gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá tú aṣọ kan ká sínú àpótí mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ kan lè kù sílé lọ́jọ́ àjọ. Ẹ fún àpótí ní nọ́ńbà. Ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀yà aṣọ náà sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹyọ kan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà àpótí sára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò yẹn. Òun náà lẹ máa fi kà wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń kó wọn padà. Bọ́tìnnì àti rìbọ́nì, ẹ fi sínú àpò kékeré, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ìkọ́ aṣọ wọn gan-an. Ẹ sì tọ́jú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú ìgò tó dé dáadáa, pẹ̀lú orúkọ àwọ̀ náà lára rẹ̀, torí bí ọ̀dà bá bó níbì kan, àwọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ kì í bá a dọ́gba.