Owó àjọ bọ́ sí mi lọ́wọ́: àwòrán ni kí n rà ni, àbí ère amọ̀?

Ará Lugbe
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo iṣẹ́ ọnà láìrà. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ wo bọ́ọ̀lù, Nike Art Gallery tàbí Thought Pyramid ni ẹ ó ti bá mi. Àjọ ti wá kàn mí báyìí, mo fẹ́ ra ohun tí yóò jẹ́ tèmi.

Nǹkan méjì ló wà nílẹ̀. Àwòrán kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde ní Zaria yà: àwọn obìnrin Gbagyi gbé igi ìdáná lé èjìká, ilẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. ₦180,000 ni. Mo ti lọ wò ó títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi mọ orúkọ mi. Èkejì ni orí amọ̀ kan tí ọkùnrin kan fi hàn mí nínú bùùtù ọkọ̀. Ó ní oko ni wọ́n ti hú u lọ́nà Kafanchan, pé àtijọ́ gidi ni, ₦150,000. Kò jẹ́ kí n ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyàwó mi ní tí owó bá ń yún mi lọ́wọ́, kí n ra sólà. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé èrè tilẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú?

Ọmọ Ìlọrin
Ra sólà jàre.

Alàgbà Gwarinpa
Àbúrò, má fọwọ́ kan orí amọ̀ yẹn. Abúlé Nok kò jìnnà sí Kafanchan, àwọn ère tó ń jáde nílẹ̀ ibẹ̀ sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Lábẹ́ òfin àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà wọ́n tàbí rà wọ́n, àfi àjọ náà fúnra rẹ̀ àti aṣojú tó bá fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ ojúlówó, o ti rúfin. Tó bá jẹ́ ayédèrú, owó àjọ ti lọ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí wọ́n bá ti fi ọkọ́ hú ère bẹ́ẹ̀ lóru, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ mọ́, ìyẹn sì ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìtàn rẹ̀. Orí Nok kan wà tí akọ̀wé ibi ìwakùsà kan gbé sóko iṣu fún bí ọdún kan kó máa fi lé ẹyẹ, kó tó dọ́wọ́ Bernard Fagg, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ní Jos ní 1943. Ẹyẹ ló lé, àmọ́ mùsíọ́mù ló gbà á nígbẹ̀yìn. Èyí tó wà nínú bùùtù ńkọ́?

Akáǹtì Garki
Ní ti èrè: lóòótọ́, ní 2018 wọ́n ta àwòrán *Tutu* tí Ben Enwonwu yà ní 1974 ní London, ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n Enwonwu ti di àgbà ọ̀jẹ̀ kó tó yà á. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí a ń rà kì í pa kọ́bọ̀ kún owó wọn láéláé. Èyí tí ojú rẹ kò ní sú láti máa wò ni kí o rà.

Gba rìsíìtì. Kí ayàwòrán kọ ìwé, kó sì fọwọ́ sí i: orúkọ àwòrán náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún, irú ọ̀dà tó lò. Bí owó kò bá tó, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí o máa san díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbà.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ṣé ẹ ti mú ìyàwó yín lọ wò ó? Ẹ kàn ń ròyìn owó fún un ni, ẹ ò fi àwòrán hàn án! Ìkòkò lèmi ń kó jọ ní tèmi. Suleja ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tó wà lẹ́yìn owó ₦20, ti ṣiṣẹ́ láti 1954, àwọn amọ̀kòkò ṣì wà lágbègbè ibẹ̀. Ọkọ mi ráhùn títí. Nísinsìnyí òun ló ń fi wọ́n yangàn fún àlejò.

Onífírémù Wuse
Ọ̀dà olóròóró ni àbí akírílíìkì? Olóròóró kì í tètè gbẹ, ó lè gba oṣù mélòó kan, ẹ má fi gíláàsì bò ó. Tó bá jẹ́ orí bébà, gíláàsì pọn dandan, kí gíláàsì má sì kan bébà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páálí lásán tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sọ bébà di pupa. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń gbà wọlé tàbí ibi tí éésì ń fẹ́ sí. Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀, ẹ má fi àkísà tútù nù ún rárá. Ẹni tó bá ní ère igi, ọyẹ́ Abuja yìí máa ń là á, ẹ gbé e jìnnà sí éésì.

Ará Lugbe
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti sọ fún ọlọ́kọ̀ yẹn pé mi ò ṣe mọ́. Ó ní kí n mú ₦60,000 wá.

Alàgbà Gwarinpa
Ère ẹgbẹ̀rún méjì ọdún? Láti àárọ̀ sí alẹ́?

Ará Lugbe
Ìyàwó mi ní ká jọ lọ ní Sátidé, ṣùgbọ́n òun ló máa ná an.

Onífírémù Wuse
Ẹ wọn ògiri kí ẹ tó jáde nílé.