Ọpọlọ tó ń súnkì kò lè jẹ́ ọpọlọ tó wú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé lórí àrùn Alzheimer, àrùn ìgbàgbé, fún àwọn tó ń tọ́jú òbí wọn nílé ti dábàá "ẹ̀rí wíwú ọpọlọ nínú ẹ̀jẹ̀" fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "blood markers of neuroinflammation". N kò fara mọ́ ọn, àti "ẹ̀rí" àti "wíwú".

Lóòótọ́, ojú egbò a máa wú, a pọ́n, a gbóná, a sì máa ro ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹni tí àrùn yìí mú, ńṣe ló ń súnkì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní microglia, ọmọ ogun àjẹsára inú ọpọlọ, dìde sí amyloid, èròjà purotéènì kan tó ṣù jọ sáàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù. Wọ́n ń tú èròjà bí interleukin-6, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì àjẹsára fi ń ránṣẹ́ síra wọn, jáde. Bí ìjà náà kò bá wá tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò ló ń fara gbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "ìjà àjẹsára". Ìyá wo ló gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní Ifẹ̀ níbí tí kò mọ àjẹsára?

"Kíkẹ̀" tí àbúrò wa láti Iléṣà mú wá sún mọ́ ọn ju wíwú lọ, torí ohun tó bá kẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Àmọ́ egbò tó kẹ̀ a máa ní ọyún. Kò sí ọyún níbí.

"Ẹ̀rí" ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ wo CRP (C-reactive protein), èròjà kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀: ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ibà lè gbé e sókè, òtútù àyà náà lè gbé e sókè. Màmá kan wà ládùúgbò wa ní Lágere tó lè béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọbẹ̀ tó hó. Èsì àyẹ̀wò dé, CRP ga. Ọmọ wọn na ìka sí ìlà yẹn, ó ní, "Àrùn ìgbàgbé náà rèé." Bẹ́ẹ̀, egbò tí wọ́n fi báńdéèjì dì wà ní gìgísẹ̀ màmá, ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìwé wa bá tún wá pè é ní ẹ̀rí, a ti ran àṣìṣe lọ́wọ́ nìyẹn. "Atọ́ka" ni kí ẹ kọ. Atọ́ka lè tọ́ka síbi méjì, mẹ́ta, kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "àrùn arúgbó" tí ìwé náà pe àrùn yìí kúrò. Obìnrin tí Alois Alzheimer ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1906, ẹni ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbà á sílé ìwòsàn ní 1901.

Ó ku neurofilament light tí ẹ kó mọ́ interleukin-6 àti CRP. Okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bàjẹ́ ni, òun ló ń jò wọnú ẹ̀jẹ̀; kì í ṣe ohun ìjà. Ẹ fi í sábẹ́ "atọ́ka ìbàjẹ́ sẹ́ẹ̀lì", kí interleukin-6 àti CRP dúró sábẹ́ "atọ́ka ìjà àjẹsára".